Ẹ̀dà Kí Ó Tó Di Àtúnṣe

Ní ìlú kan tí kò jìnnà sí Òṣogbo, bàbá kan wà tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Bàbá Akọ̀wé. Ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ ni ó ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ẹni tí ó mọ ìwé àkọsílẹ̀ tọ́jú bí tirẹ̀ ní gbogbo àdúgbò náà. Nígbà tí ó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, kò jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ kí ó máa ta ayò láti àárọ̀ di alẹ́. Ó ra ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ àwọn arúgbó ìlú lọ ní agboolé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gba oríkì orílẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyálé, ó gba ìjálá lẹ́nu àwọn ọdẹ, ó sì gba ìtàn ààlà ilẹ̀ lẹ́nu àwọn tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rin ààlà náà nígbà tí ó ṣì wà ní igbó. Ọdún méjìdínlógún ni ó fi ṣe iṣẹ́ yìí. Nínú àwọn tí ó gba ohùn wọn sílẹ̀, àwọn tí ó kù láyé kò tó ìdajì mọ́.

Kásẹ́ẹ̀tì ni ó kọ́kọ́ ń lò. Nígbà tí ayé yí padà, ọmọ ọmọ rẹ̀ kan tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga bá a ra kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, wọ́n sì da gbogbo ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì sínú rẹ̀. Ooru àti ọ̀rinrin ti ba púpọ̀ nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà jẹ́. Wọ́n kó wọn dànù. Láti ọjọ́ náà, inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo yìí ni iṣẹ́ ọdún méjìdínlógún wà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ ọmọ náà sọ pé kí àwọn ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibòmíràn. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ni Bàbá fèsì pé àwọn yóò ṣe é bí owó ìfẹ̀yìntì bá dé. Owó ìfẹ̀yìntì, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti mọ̀, kì í tètè dé, bí ó bá sì dé, kì í ṣe ẹ̀dà fáìlì nìkan ni ó ń bá nílé.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá ń tẹ oríkì agboolé kan sínú kọ̀ǹpútà nígbà tí iná mànàmáná lọ. Bátìrì kọ̀ǹpútà náà ti kú tipẹ́, iná ara ògiri nìkan ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Iná padà dé, ó tún lọ, ó sì tún dé pẹ̀lú agbára tí gílóòbù yàrá fi mọ́lẹ̀ kọjá bí ó ti yẹ. Nígbà tí wọ́n tan kọ̀ǹpútà, kò ṣí bí ti àtẹ̀yìnwá. Ojú rẹ̀ dúdú, ó sì kọ ọ́ ní lẹ́tà funfun pé ó yẹ kí òun yẹ dísìkì inú òun wò, kí òun sì tún àṣìṣe ibẹ̀ ṣe. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó tẹ bọ́tìnnì kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ.

“Ẹ jẹ́ kí ó tún un ṣe, Bàbá,” ni ọmọ ọmọ náà wí. “Bí ó bá parí, yóò ṣí.”

Èsì wo ni arúgbó lè rò láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ? Bàbá dákẹ́, àtúnṣe sì bẹ̀rẹ̀. Ó lọ láìsí wàhálà títí ó fi dé ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún. Níbẹ̀ ni ó ti dúró, tí inú ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí ẹni tí ń fi èékánná lu àwo. Lẹ́yìn náà ni orúkọ àwọn fáìlì bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lójú ẹ̀rọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá tẹ́ gíláàsì ojú rẹ̀ sí i dáadáa. Ó rí orúkọ ìyá arúgbó kan tí ó ti kú láti ọdún mẹ́ta, ẹni tí ó kì oríkì fún un fún wákàtí méjì gbáko láìmu omi. Ohun tí ẹ̀rọ kọ síwájú orúkọ náà ni pé òun ń pa àkọlé rẹ̀ rẹ́.

“Pa á!” ni Bàbá kígbe. “Fa wáyà rẹ̀ yọ!”

Ọmọ náà kọ́kọ́ ṣiyèméjì, nítorí wọ́n ti kọ́ ọ pé a kì í pa ẹ̀rọ nígbà tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń lọ lọ́wọ́. Òótọ́ ni. Ẹni tí a bá dá dúró níbi tí ó ti ń kọ̀wé lè fi gbólóhùn sílẹ̀ láìparí. Ṣùgbọ́n nígbà tí dísìkì bá ti ń dún báyẹn, ewu títẹ̀síwájú pọ̀ ju ewu dídúró lọ. Ó fa wáyà náà yọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo, sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tí gbogbo òpópónà náà ń pè ní Àǹtí Ẹnjiníà. Bàbá rò pé yóò tan kọ̀ǹpútà náà lójú ẹsẹ̀. Kò tàn án rárá. Ó gbé e sórí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n léèrè bí dókítà ti ń bi aláìsàn: kí ni ó wà nínú rẹ̀, irú ariwo wo ni ó ń pa, kí ni wọ́n sì ti ṣe sí i láti alẹ́ àná.

“Ṣé ẹ̀dà rẹ̀ wà níbòmíràn, sà?” ni ó wí níkẹyìn.

Bàbá wo ọmọ ọmọ rẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ wo ilẹ̀.

“Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, Bàbá, a kò ní tún un ṣe lónìí.”

Ọ̀rọ̀ yìí ya Bàbá lẹ́nu. Ẹni tí ó kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé òun ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, òun náà ni ó ń sọ pé òun kò ní tún un ṣe! Àǹtí Ẹnjiníà rí i lójú rẹ̀, ó sì fa àga jókòó tì í.

“Ẹ ti ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwé ilé ẹjọ́ rí, sà,” ni ó wí. “Ìwé àwọn ẹjọ́ wà lórí pẹpẹ. Ìwé ńlá kan sì wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn tí ó ń sọ pé ẹjọ́ báyìí wà ní pẹpẹ báyìí. Bí ìwé ńlá yẹn bá sọnù, ṣé àwọn ẹjọ́ náà ti sọnù?”

“Rárá o,” ni Bàbá dáhùn. “Wọ́n wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ ibi tí wọ́n wà?”

“Bẹ́ẹ̀ náà ni ti inú ẹ̀rọ yìí.”

Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí gan-an nìyí. Dísìkì irú kọ̀ǹpútà yẹn jẹ́ àwo róbótó tí ń yí ní 5,400 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, tí orí kékeré kan sì ń fò lókè rẹ̀ láìfara kàn án, tí ó ń ka ohun tí a kọ sí i. Lórí dísìkì tí ó gba 500 gígábáìtì, àwọn àyè kéékèèké tí a ń kọ nǹkan sí jẹ́ 976,773,168, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì gba báìtì 512. Ohùn ẹnì kan ṣoṣo lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú àyè bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé díẹ̀ wà níhìn-ín, díẹ̀ wà lọ́hùn-ún. Àkọsílẹ̀ tí ó ń sọ orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí a kọ ọ́, àti ibi tí ègé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà, ni a ń pè ní ètò fáìlì. Òun ni ìwé ńlá ẹ̀bá ilẹ̀kùn.

Àìsàn méjì sì ni ó lè kọlu irú yàrá bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìwé ńlá nìkan ni ó dàrú, bí ìgbà tí iná lọ nígbà tí akọ̀wé ń kọ ọ́ lọ́wọ́, tí pẹpẹ sì le koko. Ó sì lè jẹ́ pé pẹpẹ gan-an ni ikán ń jẹ, tí ó fi jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí a bá gun un láti mú ìwé kan ni ó ń ya sí i. Ariwo kẹ́, kẹ́, kẹ́ yẹn fi hàn pé méjèèjì ni ó ń bá kọ̀ǹpútà Bàbá jà.

Àwọn ènìyàn sábà máa ń rò pé iṣẹ́ ètò tí ń tún fáìlì ṣe ni láti wá ohun tí ó sọnù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé àkọsílẹ̀ kò ta ko ara rẹ̀ mọ́. Bí ìwé ńlá bá sọ pé ẹjọ́ kan wà ní pẹpẹ ogójì, tí pẹpẹ ogójì kò sì ṣeé kà, ọ̀nà tí ó yá jù láti mú kí ọ̀rọ̀ bára mu ni kí a fi kálàmù fa ẹjọ́ náà rẹ́. Ìwé ńlá yóò wá mọ́ tónítóní. Ẹjọ́ yóò sì ti lọ.

Ní àwọn ọdún 1970 ni Ted Kowalski kọ ọ̀kan nínú irú àwọn ètò wọ̀nyí, tí wọ́n ń pè ní fsck, fún àwọn ẹ̀rọ tí ń lo Unix, a sì ń lo àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ rẹ̀ títí di òní. Ó ní sùúrù ju ẹlòmíràn lọ, nítorí ó lè béèrè lọ́wọ́ ènìyàn kí ó tó pa nǹkan rẹ́: bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà lè pọ̀ tí yóò fi sú ènìyàn, tí yóò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fáìlì tí ètò yìí bá rí tí kò mọ ilé rẹ̀, yóò kó o sínú àpò kan tí a yà sọ́tọ̀, yóò sì fi nọ́ńbà sọ ọ́ lórúkọ, bí ọmọ tí a rí he lọ́jà tí kò mọ agboolé bàbá rẹ̀.

Bí Bàbá Akọ̀wé ti gbọ́ èyí, ó mí kanlẹ̀. Ó rántí ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ní ilé ẹjọ́. Ikán jẹ ìwé àkọsílẹ̀ ilẹ̀ kan létí, wọ́n sì gbé e fún ọ̀gbẹ́ni kan tí ń di ìwé pé kí ó tún un ṣe. Ọ̀gbẹ́ni náà mọṣẹ́. Ó fi ọ̀bẹ gé gbogbo etí ìwé náà kí ó lè dọ́gba, ó rán an, ó sì fi awọ pupa bò ó. Gbogbo ènìyàn ló yìn ín. Nígbà tí ẹjọ́ ilẹ̀ kan dé ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó ṣí ìwé náà, tí wọ́n sì rí i pé etí ojú ìwé ni akọ̀wé àtijọ́ ti kọ orúkọ àwọn igi ààlà sí.

“Ìwé náà dára lójú,” ni Bàbá wí. “Ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí ìdílé méjì fi ń bá ara wọn jà nítorí rẹ̀ di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Kí ni kí a ṣe, ọmọ mi?”

Ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n ra dísìkì tuntun tí ó tóbi ju èyí tí ń ṣàìsàn lọ, kí wọ́n sì da gbogbo àyè inú ti àtijọ́ sínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ó ti rí gan-an, pẹ̀lú àṣìṣe rẹ̀, láìkọ ẹyọ lẹ́tà kan padà sí i. Bàbá béèrè iye rẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́ ọ, ó dákẹ́ pẹ́, nítorí owó tí ó yà sọ́tọ̀ fún páànù ẹ̀yìnkùlé nìkan ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tú etí agbádá rẹ̀, ó sì kà á sórí tábìlì.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ béèrè ìdí tí wọn kò fi lè ṣí kọ̀ǹpútà náà kí wọ́n sì fa àwọn fáìlì sínú dísìkì tuntun, bí gbogbo ènìyàn ti ń ṣe. Ìbéèrè náà dára. Ẹni tí ó bá ń fa fáìlì, inú ìwé ńlá tí ó ti dàrú ni yóò ti máa wá ọ̀nà, orí ìkàwé yóò sì máa sáré sókè sódò lórí àwo tí ń kú lọ. Bí ó bá dé ibi tí ó ti bàjẹ́, yóò dúró síbẹ̀, yóò máa gbìyànjú léraléra, títí àwo yóò fi kú pátápátá láìtíì ka èyí tí ara rẹ̀ ṣì le. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Ètò tí Àǹtí Ẹnjiníà lò ń jẹ́ ddrescue. Antonio Diaz Diaz ni ó kọ ọ́, ó sì ti wà láti ọdún 2004. Ọgbọ́n inú rẹ̀ rọrùn láti sọ. Ó ń lọ tààrà, ó ń kó èyí tí ó ṣeé kà. Bí ó bá kan ibi tí ó le, yóò fò ó, yóò sì sàmì sí i. Ìgbà tí ó bá ti kó gbogbo èyí tí ó rọrùn tán ni yóò padà sí àwọn ibi líle náà díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ibi tí ó ti dé ni ó ń kọ sínú ìwé kékeré kan, tí ó fi jẹ́ pé bí iná bá lọ, yóò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó dúró sí. Ẹni tí ó kọ ọ́ sì kìlọ̀ nínú ìwé ìlò rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbìyànjú láti tún ètò fáìlì ṣe lórí dísìkì tí kò ṣeé kà dáadáa mọ́, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó pàdánù púpọ̀ sí i.

Ọjọ́ mẹ́rin ni iṣẹ́ náà gbà. Àǹtí Ẹnjiníà tú dísìkì náà kúrò nínú kọ̀ǹpútà, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ mìíràn, ó sì gbé fáànù kékeré sí i kí ó má baà gbóná. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ni ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó dúró sí. Ojoojúmọ́ ni Bàbá ń wá, tí ó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tí ń dúró de aláìsàn ní ọsibítù.

Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ ọmọ náà sọ pé irú ìyà báyìí kò lè jẹ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá òkè òkun. Àǹtí Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín. Ó sọ ìtàn ilé iṣẹ́ Pixar ní Amẹ́ríkà fún un, tí wọ́n ń ṣe fíìmù Toy Story 2 ní ọdún 1998 nígbà tí ẹnì kan tẹ àṣẹ kan tí ó pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ fíìmù náà rẹ́. Wọ́n sáré lọ sí ibi tí wọ́n rò pé ẹ̀dà wà, wọ́n sì rí i pé ẹ̀dà náà kò péye. Ohun tí ó yọ wọ́n ni pé Galyn Susman, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá iṣẹ́ náà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ní ẹ̀dà kan nílé níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀, wọ́n sì fi ọkọ̀ gbé e lọ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Bàbá béèrè bóyá ó ye ìrìn àjò náà. Àǹtí Ẹnjiníà ní ó yè é.

Nígbà tí ọjọ́ kẹrin pé, ohun tí kò ṣeé kà kò tó mẹ́gábáìtì mẹ́ta nínú gbogbo rẹ̀. Dísìkì àtijọ́ sì kú ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Wọ́n tàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, kò yí mọ́. Bàbá rò pé iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n Àǹtí Ẹnjiníà tún ṣe ẹ̀dà ti ẹ̀dà náà sínú ẹ̀rọ tirẹ̀, ó ti àkọ́kọ́ mọ́ inú dúrọ́ọ̀, ó sì wá bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe lórí èkejì.

Àtúnṣe náà kùnà. Ètò tí ó lò pa àpò kan rẹ́ ráúráú, àpò tí àwọn ohùn agboolé mọ́kànlá wà nínú rẹ̀. Ọmọ ọmọ Bàbá di orí mú. Àǹtí Ẹnjiníà kò tilẹ̀ yí ojú padà. Ó pa ẹ̀dà tí ó bàjẹ́ náà rẹ́, ó mú èyí tí ó wà nínú dúrọ́ọ̀ jáde, ó ṣe ẹ̀dà mìíràn láti inú rẹ̀, ó dá a padà, ó sì lọ jẹun. Lẹ́yìn oúnjẹ ni ó lo PhotoRec, ètò tí Christophe Grenier kọ, tí kì í bìkítà fún ìwé ńlá ẹ̀bá ilẹ̀kùn rárá, ṣùgbọ́n tí ó ń wo pẹpẹ kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ tí ó sì ń dá ìbẹ̀rẹ̀ ohùn mọ̀ nípa àwòrán rẹ̀. Àwọn ohùn náà jáde, àmọ́ láìlórúkọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Bàbá fi gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó ń sọ pé: ìyálé agboolé báyìí nìyí, olórí ọdẹ nìyí, ọmọ ọmọ rẹ̀ sì ń kọ orúkọ wọn padà.

Ohùn ìyá arúgbó tí ó kì oríkì fún wákàtí méjì wà lára wọn. Ó ń bọ̀ wá geere, títí ó fi dé àárín, níbi tí ó ti dákẹ́ lójijì fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi lè ka oókan dé ogún. Lẹ́yìn náà ni ó tún tẹ̀síwájú, láàárín gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bàbá dá a padà, ó tún un gbọ́. Ó di ojú, ó gbìyànjú láti rántí ohun tí ó wà níbẹ̀. Kò rántí.

Ọmọbìnrin ìyá náà ń gbé ní Ìkìrun, òun náà sì ti ń darúgbó. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, Bàbá Akọ̀wé gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ rẹ̀ sí apá, ó sì fi aṣọ òfì wé dísìkì kejì, èyí tí ó fẹ́ fi pamọ́ sọ́dọ̀ obìnrin náà. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ní kí ó jẹ́ kí òjò tí ó ṣú dá ná.

“Rárá,” ni Bàbá wí, ó sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. “Wá bá mi di èyí mú.”